Èmi Ni Mo Bá Ráfíù Dáhùn

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Tíṣà ni mí. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú mi. Mi ò sọ ọ́ fún bàbá mi títí tó fi kú, mi ò sì sọ ọ́ fún ìyàwó tí a jọ ń sùn. Mo ti pinnu pé yóò bá mi wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Jímọ̀ tó kọjá kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń korò lẹ́nu mi.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Ẹni tó bá mọ̀ mí ní Òṣogbo lè fura pé èmi ni. Kó jọ̀ọ́, kó kà á tán kó tó bú mi.

Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama kan lẹ́bàá Iléṣà, níbi tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé inú ọgbà. Àwa mẹ́ta la jọ ń ṣọ̀rẹ́. Ráfíù jẹ́ ọmọ Òṣogbo bíi tèmi. Ìyá rẹ̀ ń rẹ aṣọ láró ní àdúgbò Igbóna, Ráfíù nìkan ló sì bí fún ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ẹnì kejì ni Fẹ́mi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé, òun ni olórí ilé tí à ń sùn. Bí a bá rí ẹ̀pà, àwa mẹ́ta la máa jẹ ẹ́. Bí wọ́n bá ní ká dọ̀bálẹ̀ gba ẹgba, àwa mẹ́ta náà ni.

Wọn kì í jẹ́ ká jáde nínú ọgbà láìgbàṣẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, kí a tó jẹun, a ó tò sójú kan, Fẹ́mi á máa pe orúkọ wa láti inú ìwé kan. Ẹni tó bá pè á dáhùn pé “Pírẹ́sẹ́ǹtì!” Fẹ́mi á sì fàmì sí i. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ yóò gba ẹgba méjìlá lọ́jọ́ kejì lójú gbogbo ilé-ìwé. Ìdí nìyẹn tí a fi máa ń bá ara wa dáhùn. Bí o bá mi dáhùn lónìí, èmi á bá ọ dáhùn lọ́la. A ò kà á sí irọ́ rárá, ìwà ọ̀rẹ́ la kà á sí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, awakọ̀ kan mú ìròyìn wá láti Òṣogbo pé ibà ti dá ìyá Ráfíù dùbúlẹ̀. Ráfíù ò lè jẹun mọ́. Ó lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá ní kó dúró di ìparí oṣù. Ló bá wá bá mi lẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ní òun fẹ́ gba inú igbó já sí títì, òun á wọ lọ́rì lọ rí ìyá òun, òun á sì ti padà kí oòrùn ọjọ́ Sọ́ńdè tó wọ̀.

“Bá mi dáhùn,” bó ṣe wí nìyẹn. “Ọ̀rẹ́ mi, lẹ́ẹ̀kan péré.”

Ó fi aṣọ wé ìgò oògùn ibà kan tó rí gbà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ó gbé e sábẹ́ apá, ó sì lọ.

Inú igbó yẹn ni wọ́n ti ń wa wúrà láyé àwọn òyìnbó. Àwọn tó ń wà á ti lọ, kòtò wọn ló kù. Òmíràn jìn ju kànga lọ, ewéko sì ti bò ó lójú. Gbogbo wa la mọ̀, síbẹ̀ gbogbo wa náà la ń gba ibẹ̀ kọjá.

Nírọ̀lẹ́ Sátidé náà, Fẹ́mi pe Ráfíù. Mo dorí kodò, mo fún ohùn mi pọ̀ díẹ̀, mo ní “Pírẹ́sẹ́ǹtì!” Fẹ́mi gbójú sókè wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fàmì sí i. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, Ráfíù ò tíì dé. Mo rò pé àìsàn ìyá rẹ̀ ló le sí i. Mo tún bá a dáhùn. Ẹ jọ̀ọ́, títí débẹ̀ yẹn, oore ni mo rò pé mò ń ṣe.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, tíṣà rí i pé àga Ráfíù ṣófo. Ọ̀gá kó gbogbo wa jọ. Ó ṣí ìwé, ó rí i pé Ráfíù dáhùn ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ó ní, “Ta ló rí i kẹ́yìn?”

Mo wo Fẹ́mi, Fẹ́mi wolẹ̀. Mo ronú kan ẹgba méjìlá. Mo ronú pé wọ́n lè lé mi kúrò nílé-ìwé, bàbá mi tó ń hun aṣọ òfì tọ̀sán-tòru kí n lè kàwé yóò sì kú sí mi lọ́rùn. Mo dákẹ́.

Nítorí pé mo dákẹ́, gbogbo ènìyàn gbà pé lẹ́yìn ìpè ọjọ́ Sọ́ńdè ló sá lọ. Àwọn ọlọ́pàá lọ ń da ìbéèrè bo àwọn awakọ̀ tó gbéra láàárọ̀ Mọ́ńdè. Wọ́n wá a dé Ifẹ̀, wọ́n wá a dé Àkúrẹ́. Kò sí ẹni tó yẹ inú igbó tó wà lẹ́yìnkùlé wa wò. Ìyá rẹ̀ ránṣẹ́ pé kò dé ọ̀dọ̀ òun. Ibà tirẹ̀ ti fi í sílẹ̀ láti Sátidé yẹn gan-an.

Ní Ọjọ́bọ̀, mò ń pọn omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná nígbà tí obìnrin tó ń ta igi fún wa ń sọ̀rọ̀ fún àwọn alásè. Ó ní òun ń ṣẹ́gi nínú igbó lọ́sàn-án Mọ́ńdè, òun sì gbọ́ ohùn kan tó ń ké pé “Ẹ gbà mí o!” Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹnì kankan. Ó ní ó dà bí ẹni pé inú ilẹ̀ ni ohùn náà ti ń bọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí nínú igbó. Ló bá da igi sílẹ̀, ó sá. Àwọn alásè ní ó káre, pé bó bá dáhùn ni, iwin ì bá ti gbé e lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á. Ọ̀sán Mọ́ńdè. Lẹ́yìn tí ọ̀gá ti bi wá pé ta ló rí i kẹ́yìn. Ráfíù ṣì wà láàyè nígbà yẹn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, èmi àti Fẹ́mi gba ọ̀nà igbó náà lọ. Lẹ́bàá kòtò kan, a rí aṣọ tó fi wé ìgò oògùn, ó há mọ́ igi kékeré kan, ìgò náà ò sì fọ́. Ewéko etí kòtò ti já wálẹ̀. Òjò ńlá ti rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, omi ti dé ìdajì kòtò, eṣinṣin ń kùn lókè rẹ̀, òórùn sì wà níbẹ̀. A pe orúkọ rẹ̀. Mi ò mọ ìdí tí a fi pè é.

Fẹ́mi bì. Nígbà tó nu ẹnu tán, ó ní bí a bá sọ ọ́, wọ́n á bi wá pé ta ló dáhùn, ta ló fàmì sí i, wọ́n á sì ní àwa la tì í. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ju aṣọ àti ìgò náà sínú omi.

Mo parí ìwé, mo di tíṣà, wọ́n sì gbé mi wá sí Òṣogbo. Igbóna ni mo gba yàrá sí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbà á nítòsí ilé ìyá Ráfíù. Mo rò pé bí mo bá ń ṣe é lóore, ọkàn mi á fúyẹ́. Mo máa ń bá a gbé ìkòkò aró, mo máa ń bá a sá aṣọ. Ó máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ tí aró ti sọ di dúdú títí dé ọrùn ọwọ́ di apá mi mú, á ní, “Tíṣà mi, bí mo bá ti rí ọ, ó dà bíi pé mo rí Ráfíù.” Ọ̀rọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí n lè jẹun alẹ́.

Àwọn ẹbí ní kí wọ́n ṣe fìdáù fún ọmọ náà kó lè sinmi. Ìyá kọ̀ jálẹ̀. “Ẹ ò rí òkú, ẹ ń wá àdúrà òkú,” bó ṣe dá wọn lóhùn nìyẹn.

Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní bóyá ó ti wọṣẹ́ ológun. Ìyá ò mọ̀wé, èmi ló ní kí n máa bá òun kọ lẹ́tà sí bárékè kiri. Ẹ gbọ́, èmi tí mo mọ ibi tó wà ni mò ń kọ lẹ́tà wá a. Kò sí èsì. Kò pẹ́ tó fi ṣíwọ́ oúnjẹ, tí aró inú ìkòkò rẹ̀ fi bàjẹ́, tó ń rù lórí ẹní.

Ọlọ́run gbọ́, mo pinnu láti sọ òótọ́ fún un nígbà yẹn. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, mo ní, “Ìyá, mo ní ọ̀rọ̀ kan nípa Ráfíù.” Obìnrin tí kò lè dìde láti ọjọ́ mẹ́rin dìde jókòó. Ojú rẹ̀ tàn. Ojú yẹn ló ṣe mí. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu ara mi ń sọ pé ẹnì kan mú lẹ́tà rẹ̀ bọ̀ láti Kùmásì ní Gánà.

Mo lọ sílé, mo yí ọwọ́ ìkọ̀wé mi padà, mo kọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá din àkàrà sàráà fún gbogbo ọmọ àdúgbò. Ó fún èmi náà, mo sì jẹ ẹ́.

Irọ́ kì í dá gbé. Mo kọ ìkejì, mo kọ ìkẹta. Nígbà tó yá, Ìyá ní kí n kọ̀wé sí i pé òun ti rí ìyàwó fún un, Sìkírá, ọmọ ọ̀rẹ́ òun, ṣé ó gbà? Bí mo bá ní kò gbà, yóò bi í pé kí ló dé. Mo kọ ọ́ pé ó gbà.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń kà mí mọ̀ pé wọ́n lè so yìgì fún ẹni tí kò sí nílé, bí ẹnì kan bá ti dúró gbà á fún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó wà ní Gánà ló fẹ́yàwó bẹ́ẹ̀. Ta ni yóò sì dúró fún Ráfíù bí kò ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀? Ààfáà bi mí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì dáhùn pé Ráfíù gbà á. Sìkírá jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà, òun náà ò sì mọ̀wé. Ó gbé ẹrù rẹ̀ wá sílé ìyá ọkọ, ó ń bá a rẹ aṣọ, ó ń retí. Mo so ọmọ ọlọ́mọ mọ́ òkú.

Kò tó oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà tí ìjọba Gánà fi ní kí àwọn àlejò máa lọ sílé wọn. Lọ́rì ń já àwọn ènìyàn wa sílẹ̀ ní Old Garage, ibùdókọ̀ Òṣogbo, tọkọtaya, tọmọtọmọ, tẹrùtẹrù. Láti àárọ̀ ni Ìyá Ráfíù á ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ẹ̀wà tó fi ọmọrí dé. Gbogbo ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ló ń bi: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ Ráfíù ní Kùmásì? Ọmọ pupa, tó ní èjí?” Àwọn lọ́rì náà dẹ́kun wíwá. Ìyá ò dẹ́kun lílọ.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ṣẹlẹ̀. Mo dé láti ilé-ìwé, Ìyá àti Sìkírá jókòó dè mí. Ìyá ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnì kan ju lẹ́tà Ráfíù sílẹ̀ fún òun níbi tí òun ti ń rẹ aṣọ, kò sì dúró gba omi mu.

Mo gbà á. Mi ò kọ lẹ́tà kankan lóṣù náà. Mo ṣí i, mo kà á sínú: “Ìyá mi, mi ò sí ní Gánà, mi ò débẹ̀ rí. Ẹni tó ń ka ìwé yìí fún yín mọ ibi tí mo wà. Ẹ bi í.”

“Kí ló wí?” Ìyá bi mí. Sìkírá pàápàá sún mọ́ mi.

Àwọn méjèèjì ń wò mí lẹ́nu. Mo ní, “Ó ní òun ti kọjá sí Àbíjàn, Ìyá. Ó ní kí ẹ ṣe sùúrù.” Mo ká ìwé náà sápò.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọ ọ́. Ní Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà. Fẹ́mi ti di oníṣòwò aṣọ, mo bá a nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kò sẹ́. Ó ní òun ń kọjá ní Old Garage, obìnrin kan fa apá òun, ó bi òun bóyá òun mọ Ráfíù ní Kùmásì, ó sì ní ọ̀rẹ́ Ráfíù tó di tíṣà ló ń ka lẹ́tà ọmọ náà fún ìyá. Ìyá ò dá a mọ̀ torí pé ó ti dá irùngbọ̀n sí.

“Mi éè lè wojú rẹ̀,” ni Fẹ́mi wí. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti gbọgbẹ́, Ìjẹ̀ṣà ló máa ń bọ́ sí.

“Kí ló dé tí o ò fẹnu sọ fún un?”

“Ìwọ ń kọ́? Ṣé o kà á fún un?”

 Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Kèé ṣe ùwọ nìkan o,” ó ní. “Èmi ni mo fàmì sí i.” A jókòó títí ọ̀sán fi pọ́n, kò sí ẹni tó ní òun á lọ sọ ọ́. Ojo méjì, èwo la fẹ́ mú nínú wọn? Láti ọjọ́ náà, mi ò fojú kàn án mọ́.

Báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Sìkírá wá bá mi nílé-ìwé lásìkò ìsinmi àwọn ọmọ. Kò sunkún, kò sì jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n Tíṣà,” ó ní, “ẹ̀yin lẹ gba yìgì mi. Ọdún márùn-ún rèé, mi ò mọ bí ojú ọkọ mi ṣe rí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti bímọ mẹ́ta. Káfíńtà kan fẹ́ mi, ó ní òun ò lè gba ìyàwó oníyàwó. Ẹ bá mi kọ̀wé sí Ráfíù, bí kò bá ní wá, kó kọ̀ mí sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n gbó síbẹ̀.”

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú mi. Kí n sọ òótọ́, tàbí kí n pa irọ́ kan sí i. Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ lẹ́gba nítorí irọ́, mo sọ fún ara mi pé irọ́ yìí á tú ènìyàn sílẹ̀, pé òun ni yóò kẹ́yìn. Mo kọ ọ́ pé Ráfíù ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Àbíjàn, pé ó kọ Sìkírá sílẹ̀. Mo wá ronú kan Ìyá àti abọ́ ẹ̀wà rẹ̀. Mo fẹ́ kí òun náà sinmi. Mo fi kún un pé, “Ẹ má retí mi mọ́.”

Ní Jímọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn ìrun, mo kà á fún wọn níwájú Ààfáà àti àgbà ẹbí méjì. Sìkírá fi ìborùn bo ojú. Ìyá ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

“Ó ní kí n má retí òun mọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

 Ó tú gèlè rẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, ó sì fa ọmú rẹ̀ yọ lójú gbogbo wa. Ààfáà pariwo, “Lá ìláhà! Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!” Kò gbọ́.

“Ráfíù,” ó ní, “ọmú yìí lo mu. Mo gbà á padà lẹ́nu rẹ. Níbikíbi tó o bá wà, o ò ní sinmi.”

Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kó pe ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ní ó dìgbà tí Ráfíù bá wá fúnra rẹ̀ wá bẹ òun. Ó wọlé, ó sì dojú kọ ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò rẹ aṣọ, kò sì lọ sí gáréèjì mọ́. Ó ń ṣàìsàn. Àwọn ará ilé ní kò jọ ti àtẹ̀yìnwá.

Ọmọ tó kú síbi tó ti ń gbé oògùn bọ̀ fún un ló fi ọmú ṣépè fún. Ọmọ náà ò ṣẹ̀ ẹ́ rí. Èmi ni mo fi ọwọ́ mi kọ ẹ̀ṣẹ̀ náà sí i lọ́rùn. Mo ti ṣe ọ̀pọ̀ ibi nínú ọ̀ràn yìí, ṣùgbọ́n èyí ni mi ò lè gbé.

Sìkírá ti bọ́, mi ò sì kábàámọ̀ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá tó ṣépè nìkan ló lè tú èpè ọmọ rẹ̀, Ìyá yìí ò sì ní pẹ́ láyé mọ́. Bí ó bá kú láìtú u, kí ni mo fẹ́ wí fún Ráfíù lọ́jọ́ àjíǹde? Mo tún ń bẹ̀rù pé bí mo bá sọ òótọ́, òótọ́ náà ni yóò pa á kó tó ráyè tú u.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà tó ń kàwé yìí, ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Mo ti pinnu láti lọ. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa wọ yàrá rẹ̀, tí n ó dọ̀bálẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ mi, torí pé bóyá gbólóhùn kan péré ni yóò lè gbọ́ lẹ́nu mi kí ọkàn rẹ̀ tó já: èwo ni kí n kọ́kọ́ wí fún un, pé ọmọ rẹ̀ ti kú, tàbí pé ọmọ rẹ̀ ò ṣẹ̀ ẹ́?